Òfin tí Ẹgbẹ́ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Abidjan pàṣẹ pé kí wọ́n yọ orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Tidjane Thiam kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Adájọ́ sọ pé láti ọdún 1987 tí Ọ̀gbẹ́ni Thiam ti gba ìwé ọmọ ilẹ̀ Faransé ni ó ti sọ ẹ̀tọ́ ọmọ Côte d'Ivoire nù. Kì í ṣe ẹni kékeré ni ọ̀rọ̀ náà dé bá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ PDCI-RDA, ẹni tí àpérò ẹgbẹ́ ní Yamoussoukro fi sí ipò náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn ikú Ààrẹ àná, Henri Konan Bédié. Òun náà sì ni ẹgbẹ́ yàn láti du ipò Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ó ti dá ìwé Faransé padà ní oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nígbà tí orúkọ àwọn tí yóò du ipò náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìdìbò ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá sì kọjá láìsí i.

Ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bínú kò ṣàìní ìdí. Ọ̀gbẹ́ni Thiam kan náà ni ó ti ṣe olórí BNETD, ilé-iṣẹ́ tí ń bá ìjọba ṣe ètò àwọn iṣẹ́ ńláńlá, láti ọdún 1994. Ó sì di mínísítà ètò ìdàgbàsókè ní ọdún 1998, nígbà tí ìwé Faransé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Òfin náà wà níbẹ̀ nígbà náà, kò dí i lọ́wọ́. Òfin tí ó lè sùn fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ó wá jẹ́ pé oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdìbò ni ó jí, kò lè ṣàì mú ìfura wá. Síbẹ̀ ìbínú kò tó. Ohun kan wà tí ó yẹ kí wọ́n máa sọ ní gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́, láti Cocody dé Treichville, kí ó tilẹ̀ korò lẹ́nu: òfin tí ó mú olórí ẹgbẹ́ yìí, ẹgbẹ́ ni ó ṣe é.

Òfin ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1961 ni. Abala 48 rẹ̀ sọ pé àgbàlagbà ọmọ Côte d'Ivoire tí ó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gba ìwé ọmọ ilẹ̀ mìíràn ti pàdánù ti Côte d'Ivoire. Ní àkókò náà, PDCI nìkan ni ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilé aṣòfin. Ní ọdún 1994, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ mìíràn ti dé, ilé aṣòfin tí PDCI ti pọ̀ jù lọ tún ṣe òfin ìdìbò tuntun, pé kò sí ẹni tí ó lè du ipò Ààrẹ àfi ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ìbí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí wọ́n dẹ pàkúté náà fún. Ọ̀gbẹ́ni Alassane Ouattara, tí ó ti ṣe olórí ìjọba lábẹ́ Ààrẹ Houphouët-Boigny láti ọdún 1990 dé 1993, kò lè du ipò náà ní ọdún 1995. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ ní ọjọ́ náà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, orí àjà ni ó wà fún ìyàwó. Ní ọdún 2025, Ọ̀gbẹ́ni Ouattara ni ó jókòó lórí àga, olórí PDCI ni ó sì dúró ní ìta. Láàrin ìgbà méjèèjì, ọ̀rọ̀ pé ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, ti bá wọn dá ogun sílẹ̀ ní ọdún 2002, ó sì pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì.

Kí ni ó kan ẹni tí ń ka Yorùbá ní Abidjan nínú èyí? Ó kàn án ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Àwọn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, àwọn ará Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́, àti àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ láti ilẹ̀ Dàhòmì, ti ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ìrìn-àjò náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Faransé kì í fi í ṣe èdè àjèjì ní ọjà Èjìgbò lónìí. Ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ pé Abidjan ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ pàápàá sí. Síbẹ̀ ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé bíi 22 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń gbé Côte d'Ivoire ni ìwé kà sí àlejò, àwọn wọ̀nyí sì wà lára wọn.

Àwọn àgbà kò gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Ní ìgbà náà ni àwọn ènìyàn dìde ní Abidjan sí àwọn ará Dàhòmì àti Tógò, pé wọ́n ti gba gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ba ilé jẹ́, wọ́n kó ẹrù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì padà sí ilé ní ọwọ́ òfo. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1966, Ààrẹ Houphouët-Boigny fúnra rẹ̀ mú àbá kan wá, pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó para pọ̀ nínú Ìgbìmọ̀ Entente, èyíinì ni Dàhòmì, Tógò, Niger àti Upper Volta tí wọ́n ń pè ní Burkina Faso lónìí, máa jẹ́ ọmọ ilé ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú, láìjẹ́ pé wọ́n kọ ilé bàbá wọn. Ará Kétu ì bá jẹ nínú àbá náà. Ará Èjìgbò kò ní í jẹ, nítorí Nàìjíríà kò sí nínú Entente. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó kọ̀ ọ́. Bàbá tí kò sí ẹni tí ó ń já a níyàn lórí nǹkan mìíràn, wọ́n já a níyàn lórí èyí, ó sì gbé àbá rẹ̀ tì. Bí wọ́n bá gbà fún un ní ọjọ́ náà, bóyá èrò pé ènìyàn lè ní ilé méjì kò ní í di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù lónìí.

Dípò kí ilẹ̀kùn ṣí, ńṣe ni ó ń tì sí i. Òfin ọdún 1961 ṣì fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí àlejò bí sí Côte d'Ivoire láti kéde ara rẹ̀ ní ọmọ ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, wọ́n pa àyè náà dé. Ní ìdìbò ọdún 1990, àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn tí ń gbé níbẹ̀ dìbò, àwọn alátakò sì kígbe pé PDCI ni ó ń jèrè wọn. Ní ọdún kan náà ni ìjọba PDCI ṣe òfin káàdì ìgbélùú, tí owó rẹ̀ àti ìyọlẹ́nu ọlọ́pàá lórí rẹ̀ kò tán kíákíá ní iyè àwọn tí ó jìyà rẹ̀, títí wọ́n fi mú un kúrò lọ́rùn àwọn ará ECOWAS ní ọdún 2007. Ní ọdún 1994, wọ́n gba ìdìbò náà pàápàá lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ mọ àlejò ní ọjọ́ ìdìbò, ó gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Òtítọ́ ni pé ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí PDCI wà nínú ìjọba pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Ouattara. Òfin ọdún náà gba ẹni tí àlejò bí sí Côte d'Ivoire láàrin ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1961 àti ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 láyè láti wá kéde ara rẹ̀. Ọdún méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ó sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Oníṣòwò tí kò gbọ́ ìròhìn náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ta ni yóò dá lẹ́bi? Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni kí ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ilé dé ilé nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rán wọn nígbà tí ìbò bá kù díẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ń jà fún olórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ fún olórí rẹ̀ nìkan. Amadou Thiam, bàbá ọkùnrin náà, láti Senegal ni ó ti wá. Akọ̀ròhìn ni, ó sì di mínísítà Houphouët-Boigny. Ẹgbẹ́ tí ó lè sọ ọmọ Senegal di ọmọ ilé ní ìgbà náà kò ní àwáwí lónìí. Kí àwọn aṣòfin rẹ̀ gbé àbá dìde láti tún Abala 48 ṣe, kí wọ́n sì béèrè pé kí wọ́n dá àyè tí wọ́n pa dé ní ọdún 1972 padà fún ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá tún orí kan ṣe tí wọ́n fi èkejì sílẹ̀, àwọn ènìyàn ní Adjamé yóò mọ̀ pé nítorí ẹnì kan ni.

Ní ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ Yorùbá, káàdì ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé ọmọ-ìlú, ó sì dára kí wọ́n mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn gan-an. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba ẹ̀tọ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí bí ó bá gba ìwé ilẹ̀ mìíràn. Ti Côte d'Ivoire ni ó ń gbà á. Ẹni tí ó ti di ọmọ Côte d'Ivoire, tí ó ń ronú àtigba ìwé Faransé nítorí ìrìn-àjò, kí ó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní oṣù mẹ́ta láti kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ mẹ́yọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù.