Ẹ Má Sanwó fún Ẹni Tó Ní Òun Gbọ́n Ju Ọjà Lọ

Nínú ọkọ̀ apẹja ní Òde Mahin, ohun tí àwọ̀n bá kó ni wọ́n ń pín. Bí odò kò bá mú nǹkan wá, ọlọ́kọ̀ àti àwọn tó bá a wa ọkọ̀ jọ ń pàdánù ni. Àwọn tó ń gbowó wa láti bá wa ra ṣíà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yálà ṣíà gòkè tàbí ó wó, wọn á yọ owó iṣẹ́ tiwọn. Láìfepobọyọ̀, ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tí ẹ fẹ́ fi owó sínú ṣíà fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má kó o fún wọn. Àkójọ ṣíà tó kàn ń tẹ̀lé ọjà ni kí ẹ rà.

Èyí tó ń tẹ̀lé ọjà kò bá ẹnikẹ́ni díje. Láti ọdún 2014 ni ọ̀kan nínú irú rẹ̀, Vetiva Griffin 30, ti wà l'Ékòó. Ṣíà ilé iṣẹ́ 30 tó wà nínú NGX 30, àkójọ ọjà ṣíà Nàìjíríà, ló ń rà: báńkì, sìmẹ́ńtì, tẹlifóònù. Bí wọ́n bá yẹ àkójọ náà wò ní January àti July, tí ilé iṣẹ́ kan jáde, á ta tirẹ̀, á ra èyí tó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbowó láti máa méfò.

Owó iṣẹ́ tí àwọn tó ń bá wa ra ṣíà ń yọ ni kí a fara balẹ̀ wò. Ká ní ẹnì kan fi 100,000 náírà sílẹ̀ fún 30 ọdún, tí ó ń pa èrè náírà 10 lórí 100 lọ́dọọdún. Á di nǹkan bí 1,745,000. Bí ẹnì kan bá ń yọ náírà 2 lórí 100 lọ́dọọdún, 1,006,000 ló máa kù. Ohun tó ju 700,000 lọ ti wọmi. "Méjì péré" ni wọ́n á pè é fún yín, ṣùgbọ́n orí gbogbo owó yín ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe orí èrè nìkan. Èyí tó ń tẹ̀lé ọjà náà ń gba nǹkan, àmọ́ kò yẹ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣe wòlíì níbẹ̀.

Ní 1991, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé William Sharpe ṣàlàyé ìdí tí owó iṣẹ́ fi máa ń fa àwọn tó fẹ́ ju ọjà lọ sẹ́yìn. Gbogbo àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà ni ọjà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá jèrè ju ọjà lọ, ẹlòmíràn ló pàdánù rẹ̀. Ẹ wá yọ owó iṣẹ́ kúrò: àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ rẹ̀yìn. Gbajúmọ̀ olùdókòwò Warren Buffett fi èyí ta tẹ́tẹ́ ní Amẹ́ríkà láti 2008 sí 2017. Ní ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀lé ọjà jèrè 7.1 lórí 100 lọ́dún. Àwọn àkójọ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ń darí, tí wọ́n fi bá a díje, jèrè 2.2 ní ìpíndọ́gba.

Àwọn tó ń gbowó wa á ní Amẹ́ríkà nìyẹn, pé ọjà tiwa kéré, ọlọ́gbọ́n lè rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ibo ni ọgbọ́n náà wà nígbà tí atọ́ka ọjà Èkó já láti orí 66,000 ní March 2008 sí ìsàlẹ̀ 20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009?  Ní 2023, ọjà yẹn kan náà fi 45.9 lórí 100 gòkè, ẹni tó sì ra gbogbo rẹ̀ kò nílò ọlọ́gbọ́n kankan.

Mi ò sọ pé kí ẹ pa ojú dé rà á. Iye tí wọ́n ń ta irú àkójọ yìí lọ́jà lè ju iye ṣíà tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ bi alágbàtà yín kí ẹ tó sanwó. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá.

Bí aṣojú ilé iṣẹ́ ìdókòwò bá dé àárín ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, ẹ ní kó mú èrè ọdún mẹ́wàá rẹ̀ wá, lẹ́yìn owó iṣẹ́, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti NGX 30. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan.