Ta Ni Ó Ń Jẹ́ Track 07?

Inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí ọmọ mi obìnrin bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Dádì, ta ni ó ń kọ orin yìí?" Ohùn Hárúnà Ìṣọ̀lá ni, àgbà alápàlà tí ó fi ayé sílẹ̀ ní 1983. Kí n tó lanu, ọmọ náà ti ka ohun tí ó wà lójú rédíò ọkọ̀. Ó ní, "Mo ti rí i. Track 07 ni orúkọ rẹ̀." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Abẹ́ afárá ni mo ti ra fláàṣì náà. Orin inú rẹ̀ lé ní 300, kò sì sí ẹyọ kan tí ó ní orúkọ akọrin. Nígbà tí mo padà lọ fi ẹjọ́ sùn, ọ̀gbẹ́ni náà fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní rédíò ọkọ̀ kò gbọ́ Yorùbá, oníbàárà kò sì bèèrè orúkọ rí. Ti rẹ̀ kò dùn mí tó ti àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n kàwé, tí àwọn náà ń sọ pé kí a bọ́ àmì kúrò, kí a sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, nítorí ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Irọ́ ni. Fláàṣì tí a ṣètò sí FAT32, irú èyí tí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ lè kà, ń gba orúkọ fáìlì tí ó gùn tó lẹ́tà 255, Unicode ni ó sì fi ń pa á mọ́: ẹ, ọ, ṣ, àti gbogbo àmì ohùn wa. Àkọlé tí a ń kọ sínú MP3 fúnra rẹ̀ ńkọ́? ID3 àkọ́kọ́, ti 1996, kò fún àkọlé orin ní ju àyè lẹ́tà 30 lọ. Ṣùgbọ́n ID3v2 tí ó tẹ̀lé e gba Yorùbá dáadáa. Ojú rédíò nìkan ni ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tí ó ṣe é kò fi àwòrán lẹ́tà wa sí i, ni ó fi ń fi àpótí òfìfo hàn wá. Ti ẹ́ àti ọ́ tún le jù, nítorí Unicode kò fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀, rédíò mìíràn a sì tú wọn ká. Dígí ni ó dọ̀tí. Èé ṣe tí a fi ń fi ọ̀bẹ ha ojú ara wa?

Èmi náà ti bọ́ àmì rí. Fódà tí mo pè ní "Orin Ọkọ̀" di "Orin Oko", ìyàwó mi sì bèèrè ìgbà tí mo di àgbẹ̀. (Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́ lórí ohun mìíràn tí lẹ́tà mẹ́ta náà lè jẹ́.)

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù. Ẹ rántí àwo jùjú àwọn ọdún 1970, ti Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé. Ojú kan àwo lè lọ bí ìṣẹ́jú 18 láìdúró: orin a wọ inú orin, oríkì a wọ inú àdúrà, gángan a sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn alátẹ wá gé e sí wẹ́wẹ́ kí awakọ̀ lè máa fò ó. Bí a bá sì sọ orin di MP3, ẹ̀rọ sábà máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bíńtín kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì. Ibi tí a bá ti gé e, a ti di gángan lẹ́nu láàárín gbólóhùn. Nínú fláàṣì tèmi, ibi tí wọ́n ti ń ki èèyàn gan-an ni wọ́n yọ dànù, wọ́n ní kò ṣeé jó sí. Oríkì tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ń wá kiri!

Wọn yóò ní àyè ni kò tó. Ní 128 kbps, ìṣẹ́jú kan kò ju nǹkan bíi MB kan lọ. Kódà ní 320 kbps, fláàṣì 32GB gba orin tí ó lé ní 200 wákàtí. Èèyàn lè wakọ̀ láti Èkó lọ sí Kánò, kí ó padà, kí ó tún lọ, orin kò ní tíì tán.

Ní tèmi, orí kọ̀ǹpútà ilé ni ojúlówó wà, pẹ̀lú orúkọ kíkún àti àmì rẹ̀, ojú àwo kan sì jẹ́ fáìlì kan. Ẹ̀dà lásán ni mo ń gbé lọ sínú ọkọ̀, nítorí oòrùn àti olè. Lórí ẹ̀dà yìí nìkan ni mo ti ń bọ́ àmì bí rédíò bá kọ̀ jálẹ̀, ojú sì ń tì mí díẹ̀. Mo ń fi 01, 02 ṣíwájú orúkọ, nítorí rédíò mìíràn a máa fi 10 ṣáájú 2. Ṣùgbọ́n orúkọ akọrin kì í kúrò níbẹ̀.

Mo ti dá orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn 300 náà padà. Track 19 ṣì wà bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ni ó ń kọ wákà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Mo ti gbé e fún àgbàlagbà mẹ́rin gbọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ọ́n.