Màmá mi kì í ṣe ahun o

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò màmá mi síbí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Màmá jókòó ní kíṣìnì wa ní Thamesmead, London níbí, wọ́n ń fi lẹ́tà tí báńkì kọ sí wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2021 hàn mí. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju pé gbèsè ilé ti tán. Ọdún 2032 ló yẹ kó tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá tí wọ́n ń kó ìwé sí. Ó parí.

Mo rò pé ẹ máa bá wa yọ̀ ni. Àwọn kan yọ̀ lóòótọ́, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Àmọ́ ẹ̀yin yòókù! "Ahun." "Ìyà ni wọ́n fi jẹ ara wọn." "Ayé ò pé méjì, ẹ jẹ́ ká jayé." Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé irú màmá bẹ́ẹ̀ ni kì í wá sí ìnáwó èèyàn. Mo ti ń pa á mọ́ra láti ọjọ́ yẹn. Lónìí mo fẹ́ fèsì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí gbèsè ilé ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo ni ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe èébú o.

Ọdún 2007 làwọn òbí mi ra ilé yìí. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì, màmá mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Báńkì yá wọn ní £140,000, kí wọ́n fi ọdún 25 san án. Èlé ìgbà yẹn jẹ́ 6.25%. £923 ni wọ́n ń san lóṣù. Ẹ wò ó dáadáa: nínú £923 àkọ́kọ́ tí wọ́n san, £729 ni báńkì mú fún èlé. £194 péré ló kan ojú owó. Èèyàn á ṣiṣẹ́ mọ́jú, á sáré lé bọ́ọ̀sì nínú òtútù, á san owó tó tó báyẹn, gbèsè á wá fi £194 dín. Bó ṣe rí fún gbogbo ẹni tó ń san mọ́gééjì nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni èlé ti ń jẹ èèyàn jù, torí náà ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni owó àfikún ti wúlò jù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jayé ná, kẹ́ ẹ san gbèsè tẹ́ ẹ bá dàgbà, ẹ bi í pé ta ló máa bá yín san èlé àárín.

Irú mọ́gééjì tí wọ́n gbà, tracker ni wọ́n ń pè é. Èlé Bank of England ló ń tẹ̀ lé, báńkì á wá fi 0.5% lé e. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé, Bank of England já èlé wálẹ̀ láti 5.75% tó wà lọ́dún 2007 títí ó fi di 0.5% ní oṣù kẹta ọdún 2009. Báńkì wa kọ lẹ́tà: láti ìsinsìnyí lọ, bíi £540 lẹ ó máa san lóṣù.

Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn, mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ti ń dárúkọ mọ́tò. Màmá mi ká lẹ́tà náà, wọ́n ní, "Bàbá Dámi, lẹ́tà yìí ò dé ilé yìí o."

Bàbá mi ní, "Lẹ́tà wo?"

Màmá ní, "Ẹn-ẹ́n. Ó ti yé yín."

Wọn ò san £540. Wọn ò tiẹ̀ dúró sórí £923 àtijọ́. £1,000 gbáko ni wọ́n sọ ọ́ di, lóṣooṣù, fún ọdún méjìlá. Gbèsè tó kù nígbà yẹn jẹ́ bíi £136,000, èlé ẹ̀ ti wálẹ̀ di 1%. Nínú £1,000 tí wọ́n kọ́kọ́ san, nǹkan bíi £113 ni báńkì rí mú, gbogbo ìyókù wọ inú ojú owó. £194 ìjọsí ti di £887. Idán kọ́ o. Wọ́n kàn kọ̀ láti gbà pé owó tuntun dé ni.

Mo ti bi wọ́n rí pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ bàbá àwọn n'Ìbàdàn. Bàbá àgbà ra ilẹ̀, wọ́n ṣe fáńdéṣọ̀n, owó tán, koríko hù bò ó. Ọdún kejì, búlọ́ọ̀kù ọgọ́rùn-ún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, igba. Ewúrẹ́ àdúgbò ń sùn nínú pálọ̀ tí ò ní òrùlé, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án ló gbà kí wọ́n tó kó wọlé, wọn ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lójú màmá mi, búlọ́ọ̀kù ni gbogbo àfikún tí wọ́n ń san fún báńkì. Ẹ wá dá mi lóhùn: tí ẹni tó ń kọ́lé n'Ìbàdàn bá ní òun ò ní lè ra aṣọ ẹbí torí òun fẹ́ kanlé, ṣebí ẹ ó ní ó láròjinlẹ̀ ni? Kí ló wá sọ ọ́ di ahun nígbà tó dé London?

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, mo mọ̀ pé ẹ ó ní mọ́gééjì wo. Èlé CBN fúnra ẹ̀ jẹ́ 27.5% nígbà tí ọdún 2024 parí. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ yáwó ilé lórí ìyẹn. Tiyín ni búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìnáwó tí mo fẹ́ sọ báyìí, gbogbo wa ló kàn.)

Torí ibẹ̀ lowó ti jáde. Àwọn olùkọ́ owó orí ayélujára, kọfí ni tiwọn. Ẹ má ra kọfí mọ́, ẹ ó sì ra ilé. Ẹ jọ̀ọ́ o. Kọfí £4, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, £1,040 ni lọ́dún, kì í ṣe owó kékeré, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wàásù kọfí yẹn, mọ́tò tó ń san £400 lé lórí lóṣooṣù ló gbé síta. £4,800 lọ́dún nìyẹn, mọ́tò náà ò sì tíì di tiẹ̀.

Lọ́dún 2013 màmá mi kọ gbogbo ìnáwó tí wọ́n pè wọ́n sí sínú ìwé kékeré kan. Ìwé náà ṣì wà nílé. Mọ́kànlá. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ní aṣọ ẹbí: £80, £100, òmíì £120, ká má tíì sọ ti gèlè, ká má tíì sọ owó tí wọ́n máa ná fún olóde lójú agbo. Méjì ni wọ́n rà: ti àbúrò wọn, àti ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nínú mẹ́sàn-án tó kù, wọ́n lọ sí mẹ́rin pẹ̀lú lèésì wọn àtijọ́ àti àpòòwé tí £20 wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbé wọn jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Màmá ní ibẹ̀ ló dáa jù, ibẹ̀ ni jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń kọ́kọ́ kọjá.

Nígbà tí bàbá mi pé àádọ́ta ọdún, gbọ̀ngàn ni wọ́n fẹ́ gbà, pẹ̀lú onífújì. Màmá se ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ fún ogún èèyàn nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá mi ò fi bá wọn ṣeré. Ẹ wá wo bàbá mi lónìí, àwọn gan-an ló ń fi lẹ́tà báńkì yẹn han àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ọkùnrin!

Ẹ gbọ́ mi. Ẹlòmíì ló yan àwọ̀ aṣọ, ẹlòmíì ló yan iye, ẹlòmíì ló yan ọjọ́. Ìwọ lo wá ń sanwó. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lẹ wá ń pè ní ahun? Ahun ni ẹni tó lówó lọ́wọ́ tí ò lè fi ran ẹbí ẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ọdún méjìlá yẹn, màmá mi san owó iléèwé ọmọ mẹ́ta n'Ìbàdàn, kì í ṣe àwọn ló bí wọn. Kò sí nínú fídíò torí wọ́n ní kí n má sọ ọ́. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin lẹ fà á.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí gbèsè wa tán, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, èlé bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. 0.1% ló wà. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti dé 5.25%. Mo mọ ẹnì kan tó fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ìnáwó kan lọ́dún 2013, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe báyìí kó lè rí owó ilé san. Kò dùn mọ́ mi o. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tracker ọ̀fẹ́ bíi tiwa ò wọ́pọ̀ mọ́. Fixed ọdún méjì tàbí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ yín wà lórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ń gbà kẹ́ ẹ san àfikún tó tó 10% gbèsè tó kù lọ́dún kan, tẹ́ ẹ bá kọjá ìyẹn, ẹ ó sanwó ìtanràn. Ẹ ka ìwé yín. Ẹ sì bi báńkì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, bóyá ọdún ni àfikún yín máa dín àbí owó oṣù. Àwọn báńkì kan á kàn rọra dín owó oṣù kù, ẹ ó máa rò pé ẹ ti ń sáré, ẹ ò kúrò lójú kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè káàdì, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, èlé tiẹ̀ burú ju ti ilé lọ fíìfíì. Ẹni tí èlé mọ́gééjì ẹ̀ bá sì kéré ju èyí tí báńkì máa fún un lórí owó tó fi pamọ́, kó fi owó ẹ̀ pamọ́ ná. Àpẹẹrẹ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nọ́ńbà: £160,000, ọdún 25, èlé 4.5%, ẹ ó máa san bíi £889 lóṣù. Ẹ fi £200 kún un lóṣooṣù, tí èlé ò bá yí padà, á tán ní ọdún 17 àti oṣù mẹ́wàá, bíi £34,000 èlé ni ò ní kúrò lọ́wọ́ yín. Aṣọ ẹbí méjì ni £200.

Ó ku ẹ̀yin apá kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé àwòkọ́ṣe ni màmá mi, pé ẹ ó pa gbogbo ìnáwó yín títí gbèsè á fi tán, ẹ̀yin ni mo wá ń bẹ̀rù jù.

Torí mo gbé inú ilé yẹn. Hítà wa kì í ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, wákàtí kan lálẹ́. Ògiri yàrá mi hu nǹkan dúdú, mo ń wúkọ́ láti November títí di March. Màmá fúnra wọn ti ní àṣìṣe ni, wọ́n ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ti tán.

Èyí tí ò tán ni ti màmá àgbà. Màmá mi lọ sílé ní December 2010, wọn ò lọ mọ́. Lálaalẹ́ ọjọ́ Sunday màmá àgbà á pè láti Òkè-Àdó: "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" "Ẹ jẹ́ ká san díẹ̀ sí i, màmá. Ọdún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀. December 2015 ni wọ́n wá mú. Wọ́n ti ń ra ẹrù sínú báàgì, ọ̀dà ìpara, oògùn orúnkún, tíì tí màmá àgbà fẹ́ràn. September ọdún yẹn ni màmá àgbà kú. Ìsìnkú ni màmá mi lọ bá. Báàgì yẹn náà ni wọ́n gbé lọ.

Lẹ́yìn tí mo ti ka kọ́mẹ́ǹtì yín tán, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo tún ìṣirò yẹn ṣe. Ká ní £930 ni wọ́n ń san lóṣù dípò £1,000. £70 lóṣù, £840 ni lọ́dún, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo rò pé gbogbo nǹkan máa bàjẹ́ ni. Gbèsè ì bá tán ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọdún kan péré. Èlé tí báńkì ì bá fi gbà sí i ò tó £700 láàárín gbogbo ọdún yẹn.

Ẹ má fi pe màmá mi ní ahun o, mi ò gbà. Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, àwọn tó ti rí kí onílé lé èèyàn jáde nínú òtútù. Ohun tí mò ń sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣí ìwé ìṣirò ni pé kẹ́ ẹ kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ iye. Ẹ yọ gbọ̀ngàn kúrò, ẹ yọ mọ́tò kúrò, ẹ yọ aṣọ ẹbí àwọn tí ò mọ orúkọ yín kúrò. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ "ìyá mi" sí, kẹ́ ẹ fọwọ́ yín sílẹ̀.

Lálẹ́ àná, kí n tó kọ èyí, mo fi £930 yẹn han màmá mi. Wọ́n mú awò wọn, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣírò ẹ̀ dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ gbé omi tíì kaná.