Ẹ má dẹ́bi fún oòrùn: ọ̀rọ̀ Arizona Coyotes

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Arizona Coyotes, ẹnìkan á ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ta ló ní kí wọ́n lọ gbá họ́kì orí yìnyín láàárín aṣálẹ̀?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn. Èmi ò gbà. Oòrùn kọ́ ló pa tíìmù yẹn. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

2/ Ọdún 1996 ni wọ́n kó Winnipeg Jets kúrò ní Kánádà wá sí Phoenix. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, àwọn tó ń wá wò wọ́n lé ní 15,000 lójúmọ́ eré. Nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà o! Pápá wọn ńkọ́? Torí basketball ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn ìjókòó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé o ò ní rí ojú góòlù kan dáadáa. O sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, o ò rí góòlù. Síbẹ̀, wọ́n ń lọ.

3/ Ní 2003, wọ́n kó lọ sí Glendale, ní ìwọ̀-oòrùn Phoenix. Pápá tuntun, ó rẹwà. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn, apá ìlà-oòrùn ni wọ́n ń gbé, ní Scottsdale àti Tempe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́, kó wá la gósìló kọjá torí eré aago méje alẹ́? Tí ìyá ẹ bá kó ìsọ̀ ata ẹ̀ lọ sí òdìkejì ìlú, tí oníbàárà wá dín kù, ṣé wàá ní àwọn èèyàn ò jẹ ata mọ́ ni?

4/ Ní oṣù karùn-ún 2009, tíìmù dé kọ́ọ̀tù, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Jim Balsillie, olówó kan ní Kánádà, fẹ́ rà á kó lọ sí Hamilton. Adájọ́ ò gbà. NHL fúnra ẹ̀ ló wá rà á, ó di 2013 kí wọ́n tó rí ẹni tà á fún. Ọmọ tí ò ní bàbá! Inú ipò yẹn náà ni wọ́n wà tí wọ́n fi gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí Pacific ní 2012, tí wọ́n sì wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá.

5/ Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àyè ṣófo ní Glendale, owó sì ń wọmi. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan gbáko fún tíìmù tó jẹ́ pé ìròyìn ẹ̀ lọ́dọọdún ni "wọ́n fẹ́ kó lọ"?

6/ Ní 2021, Glendale ní àwọn ò tún àdéhùn ṣe mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìlú halẹ̀ pé àwọn á ti pápá mọ́ wọn torí owó orí tí wọn ò tíì san. Ní 2022, wọ́n lọ ń gbá ní pápá yunifásítì Arizona State, tí àyè ibẹ̀ ò ju bíi 4,600 lọ. Tíìmù NHL o!

7/ Wọ́n tún fẹ́ kọ́ pápá tuntun ní Tempe, lórí ilẹ̀ ààtàn. Ní oṣù karùn-ún 2023, àwọn ará ìlú dìbò pé rárá. Ẹ ní "ṣé ẹ rí i, wọn ò fẹ́ họ́kì." Ẹ jọ̀ọ́! Kéèyàn má fẹ́ dín owó orí kù fún olówó, ìyẹn ò ní kó má fẹ́ràn eré.

8/ Tó bá jẹ́ oòrùn ni, Vegas ńkọ́? Aṣálẹ̀ náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017, wọ́n dé àṣekágbá ní sáà yẹn gan-an, wọ́n gba Stanley Cup ní 2023. Àárín ìlú ni pápá wọn wà. Tampa Bay gbà á ní 2020 àti 2021. Florida Panthers gbà á ní 2024 àti 2025. Ṣé yìnyín ń já bọ́ ní Florida ni?

9/ Èyí tó dùn mí jù: Auston Matthews. Scottsdale ló dàgbà sí, Coyotes ló ń wò ní kékeré. Ní 2016, òun ni Toronto kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tuntun. Ní sáà 2023-24, ó gbá góòlù 69. Sáà yẹn náà ni wọ́n sin Coyotes. Ilẹ̀ tó hu irú igi yẹn, ẹ lẹ́ ní kò lọ́ràá?

10/ April 17, 2024, ààjìn òru ni lọ́dọ̀ mi, orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Wọ́n na Edmonton 5-2. Wọ́n borí, àwọn èèyàn sì ń sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Salt Lake City. Àwọn ọmọdé tó wọ jẹ́sì wá lálẹ́ yẹn, kí ni wọ́n ṣe?

11/ Tí wọ́n bá tún fẹ́ gbé NHL padà sí Phoenix, ẹ má bi mí nípa oòrùn. Ẹ béèrè pé: ibo ni pápá máa wà? Ta ló ni ín? Ṣé ẹni tó ra tíìmù lówó lọ́wọ́, ṣé ó sì máa dúró? Tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dáa, ọjà á tà.

12/ Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, mo wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "aṣálẹ̀" nìkan lo fẹ́ kọ, jọ̀ọ́, padà sí 8/.