Ta Ni Yóò Bá Wọn Gun Òkè?

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ nínú Olúwa,

Bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá fẹ́ gun òkè Ìdànrè, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan kò tó. Ẹ fún wọn ní àgbà tó mọ ọ̀nà. Jóṣúà kò ṣàdédé di aṣáájú, ó kọ́kọ́ tẹ̀lé Mósè lọ sórí òkè (Eks. 24:13).

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bá fi eré bẹ̀rẹ̀ ni àárẹ̀ máa ń tètè mú. Kí àgbà náà kọ́ wọn láti rọra rìn, kí wọ́n máa sinmi, kí wọ́n máa mu omi. Ẹni tí kò lágbára jù ni kí gbogbo wọn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Bí òjò bá ṣú, kí wọ́n tètè sọ̀ kalẹ̀. Àpáta tí omi bá rin máa ń yọ̀. Dídán Olúwa wò kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ọmọ Ọlọ́run fi ọ̀dà kọ orúkọ sára àpáta ilé onílé? Ọ̀rá omi tí a gbé gòkè, ẹ jẹ́ ká gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ láti dúró de aláàárẹ̀ lórí òkè yóò mọ bí a ti ń dúró de arákùnrin tó rẹ̀ nínú ìjọ. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.