Irọ́ Ni Pé Rìmóòtù Tí Kò Ní Wáyà Ló Dára Jù

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó owó jọ láti ra irinṣẹ́,

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa. Olùtajà ń sọ ọ́ fún oníbàárà, ọ̀gá ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́: pé ẹni tó bá fẹ́ ra rìmóòtù kámẹ́rà, èyí tí kò ní wáyà ni kó rà, torí ayé wáyà ti kọjá, àti pé bó bá ṣe wọ́n tó ló ṣe dára tó. Mo ní irọ́ ni. Ó ń jẹ wá lówó, ó sì ń ba iṣẹ́ wa jẹ́.

Kí ni rìmóòtù wà fún gan-an? Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí a gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí mẹ́wàá, ìka tó tẹ bọ́tìnnì ló ń mì ín. Àwòrán á rí bàìbàì, etí ilé á di méjì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rìmóòtù ni kí ìka má kan kámẹ́rà. Ìkejì ni Bulb. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í jẹ́ ká yàn ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ. Bí a bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, a ní láti yí i sí Bulb, ká sì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ìka ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tí kò ní mì?

Ẹ tú rìmóòtù oníwáyà kékeré, ẹ wo inú rẹ̀. Wáyà mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọ̀kan fún fókọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ṣíṣí shutter, ìkẹta sì ni àwọn méjèèjì ń padà sí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, irin méjì á kanra, kámẹ́rà á wá fókọ́ọ̀sì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin, irin kẹta á kàn wọ́n, àwòrán á wọlé. Ẹ tì í síwájú, á há síbẹ̀, Bulb á sì máa ṣiṣẹ́ lọ títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Kò lo bátìrì, nítorí náà kò sí bátìrì tí yóò kú mọ́ yín lọ́wọ́ lóru.

Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n ń pè ní ìgbàlódé. ML-L3 ti Nikon àti RC-6 ti Canon ń lo ìtànṣán tí ojú kò rí, bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọjú sí kámẹ́rà. Nǹkan bíi mítà 5 ni agbára wọn mọ. Oòrùn ọ̀sán sì máa ń borí wọn. Lára ọ̀pọ̀ Canon, iwájú ni ojú tó ń gba ìtànṣán náà wà. Ẹni tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà lórí òkè Mápó, tó ń ya òrùlé Ìbàdàn nírọ̀lẹ́, á wá máa na ọwọ́ yí lẹ́ǹsì ká kó tó lè tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń lo rédíò ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀rọ agbàṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lé orí kámẹ́rà. Wáyà ló sábà máa ń so ó mọ́ ihò ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà! Wáyà tí ẹ ń sá fún náà ló tún wà níbẹ̀, bátìrì ọ̀nà méjì sì ti kún un.

Ọ̀rọ̀ owó ni irọ́ kejì. Kì í ṣe iye owó ló ń pinnu, ihò ni. Canon kan náà ló ṣe 80D tó ń lo RS-60E3, òun náà ló ṣe 7D tó ń lo RS-80N3. Ẹnu méjèèjì kò bára mu rárá. Nikon D7000 ń gba MC-DC2, D850 ń gba MC-30A oníhò mẹ́wàá. D3500 tí Nikon gbé jáde ní 2018 kò tilẹ̀ ní ihò wáyà, kò sì ní ojú tó ń gba ìtànṣán. Fóònù tó ní SnapBridge ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè. Ẹni tó bá ra ML-L3 fún un ti sọ owó nù, ìbáà jẹ́ ojúlówó.

Àwọn kan á ní: ẹyẹ tó wà lókèèrè ńkọ́? Àwòrán ẹbí tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni, wáyà kò gùn débẹ̀. Ẹ ra rédíò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé tí kò lọ síbì kankan kò tilẹ̀ nílò rìmóòtù, bí kì í bá ṣe Bulb: ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá 2 tó wà nínú kámẹ́rà ti tó o, ọ̀fẹ́ sì ni. Mànàmáná àti iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run ni kì í dúró deni; àwọn ló nílò rìmóòtù.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà yín, kí ẹ sì ka orúkọ ihò náà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ dán an wò níwájú olùtajà: ṣé ẹnu rẹ̀ wọlé ṣinṣin? Ṣé ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n bó bá dé ìdajì? Ṣé ó ń há? Bó bá yege, ẹ rà á, kódà bí kò bá ní orúkọ ńlá. Owó tó ṣẹ́kù, ẹ fi kún ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lágbára, nítorí kò sí rìmóòtù, oníwáyà tàbí aláìníwáyà, tó lè gba àwòrán là lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n.