Nígbà tí máàkì mọ́ọ̀kì JAMB bá já wálẹ̀: Kí òbí má ṣe sáré dá ọmọ lẹ́bi

Kò sí ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí kì í da ọ̀pọ̀ ilé rú. Ọmọ tó ń gba 240 nígbà tó ń fi ìbéèrè àtijọ́ dánra wò nílé yóò lọ ṣe mọ́ọ̀kì JAMB, nígbà tí èsì yóò sì fi jáde, 195 ni. Ìyá yóò káwọ́ lérí, bàbá yóò ní owó lẹ́sìn òun ti bómi lọ, ọmọ kò sì ní í lè jẹun. Ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì yóò ti wọlé, tí wọn yóò máa sọ fún òbí pé ìbéèrè tí yóò jáde ti wà lọ́wọ́ àwọn.

Kí wá ni mọ́ọ̀kì yìí wà fún? Ọdún 2017 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe dandan, kò sì sí yunifásítì tó ń fi máàkì rẹ̀ gba ọmọ wọlé. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni kí ọmọ lè mọ bí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ṣe rí, kí àjọ náà sì lè yẹ ẹ̀rọ àti àwọn ibùdó ìdánwò wò. Bí wọ́n ṣe ń dán ọmọ wò ni wọ́n ń dán ẹ̀rọ náà wò.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, kó rántí ọdún 2025. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.9 tó ṣe ìdánwò gan-an lọ́dún náà, àwọn tí kò gba 200 lé ní mílíọ̀nù 1.5. Ariwo sọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé àṣìṣe ti wọ èsì ibùdó 157 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, fi omijé tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí ọmọ 379,997 wá tún ìdánwò náà ṣe.

Èyí kò ní kí ọmọ di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ìbéèrè 180 ni yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ìṣirò lásán wò ó, ìbéèrè kan nínú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yìí tó máàkì méjì ààbọ̀. Ọmọ tó pàdánù ìbéèrè mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti sọ máàkì 45 nù. Ó lè má jẹ́ pé kò mọ̀ wọ́n. Àkókò ló lè tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni máàkì ti já, kí ọmọ padà sí sílábọ́ọ̀sì JAMB, kó mú àwọn orí-ọ̀rọ̀ tó ti kùnà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ àkókò ni, kó máa fi aago síwájú dánra wò fún wákàtí méjì gbáko, kó fo ìbéèrè tó bá le, kó padà sí i nígbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ orí fóònù nìkan ló ti ń dánra wò, kó wá kọ̀ǹpútà lọ, kí lẹ́tà A, B, C àti D tó fi ń mú ìdáhùn, N tó fi ń lọ síwájú àti P tó fi ń padà sẹ́yìn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ti òbí ni pé kó yé fi ọmọ aládùúgbò ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń bú láàárọ̀ lálẹ́ kò ní í sùn, ẹni tí kò bá sì sùn kò lè ronú bó ti yẹ. Owó oníjìbìtì ńkọ́? Ọmọ tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò pàdánù èsì rẹ̀ pátápátá.

Ní 2025, 150 ni máàkì tó kéré jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún yunifásítì, 100 fún pólì. Òótọ́ ni pé Ìmọ̀ Ìṣègùn àti Ìmọ̀ Òfin ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, èsì WAEC sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n máàkì mọ́ọ̀kì tó já wálẹ̀ kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan. Àléébù tó hàn nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà sàn ju èyí tó fara pamọ́ di ọjọ́ ìdánwò gan-an lọ.